Òórùn Ọsàn Tó Di Òórùn Koríko: Bí A Ṣe Ń Mú Òdòdó Igbó Gbẹ Kí Ìtasánsán Rẹ̀ Má Bàa Lọ

Ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Ó ní: “Igi igbó, ìyẹn cannabis, méjì ni mo gbìn sínú ọgbà tí mo fi pákó yí ká lẹ́yìn ilé, bí òfin ìpínlẹ̀ wa ṣe gbà wá láyè. Nígbà tí ó ṣì wà lórí ìdúró, bí aṣọ mi bá fara kàn án lásán, ńṣe ni yóò máa ta sánsán bí èèpo ọsàn tí a pò mọ́ ata ìyèré. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, mo gé e, mo já òdòdó rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sínú ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń gbẹ èso. Wọ́n gbẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ṣùgbọ́n òórùn koríko gbígbẹ ni mò ń gbọ́ lára wọn báyìí. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́, ṣé òórùn yẹn sì lè padà?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le nínú ìdáhùn náà: òórùn tó ti bá afẹ́fẹ́ lọ kò ní í padà. Kò sí ìgò, kò sí ewé, kò sí oògùn tí a lè kì bọ̀ ọ́ tí yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ kò ṣe àṣìṣe kankan nínú ọgbà, nítorí igi tó ń ta sánsán bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn jẹ́ igi tí a tọ́jú dáadáa. Lẹ́yìn ìkórè ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó gba ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni ẹ fi ooru parí ní ọjọ́ méjì, ìtọ́jú inú ìgò tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e kò sì wáyé rárá. Nǹkan méjèèjì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín dé gbòǹgbò, kí ìkórè ọdún tó ń bọ̀ má bàa rí bí ti èyí.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba òfin kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn mìíràn yóò ka ìdáhùn yìí yàtọ̀ sí yín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023 ni Maryland ti fàyè gba ẹni tó bá ti pé ọdún 21 láti gbin igbó fún ìlò ara rẹ̀, igi méjì péré ni ilé kan sì lè ní, iye àgbàlagbà yòówù kí ó máa gbé ibẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú ará ìta kò tó, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì lè dé. Ẹni tó bá háyà ilé gbọ́dọ̀ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú onílé kí ó tó gbin ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ mìíràn tó kan àwa tí a ti òkè òkun wá ju bí ó ti kan ọmọ onílẹ̀ lọ ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí ohun tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí yìí. USCIS, àjọ tó ń ṣètò ìwé ọmọ ìlú, sọ ọ́ kedere ní oṣù kẹrin ọdún 2019 pé lílo igbó tàbí níní in lè dínà fún ẹni tó ń béèrè láti di ọmọ Amẹ́ríkà, kódà bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá gbà á láyè. Ẹni tí ó bá ṣì ń lo káàdì ìgbélùú, kí ó rí agbẹjọ́rò kí ó tó rí irúgbìn. Ní Nàìjíríà ní tiwa, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbígbìn rẹ̀ àti níní in, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ kó sínú àpótí lọ sílé, bó ti wù kí ó kéré mọ.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí òórùn náà ń gbé kí a tó lè dáàbò bò ó. Bí ẹ bá fi awò tó ń mú ohun kékeré tóbi wo òdòdó yìí nígbà tí ó gbó, ẹ óò rí irun wẹ́wẹ́ tó ń dán bí gíláàsì, tí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ rí roboto bí orí abẹ́rẹ́ ìdìmú. Trichome ni àwọn onímọ̀ ń pe irun yìí. Inú orí roboto yẹn ni oje wà, inú oje náà ni àwọn èròjà olóòórùn tí wọ́n ń pè ní terpene wà, àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló sì ya gbogbo wọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́. Àwọn èròjà wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí imú Yorùbá. Limonene tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú èèpo ọsàn. Myrcene wà nínú ewé tíì àti máńgòrò. Caryophyllene sì wà nínú ata ìyèré àti kànáfùrù. Nígbà tí ẹ sọ pé ọsàn àti ìyèré ni ẹ gbóòórùn rẹ̀, imú yín kò tàn yín jẹ.

Àwọn èròjà yìí kò wúwo bákan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín wà. Limonene àti myrcene kéré, wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ nínú yàrá lásán láìsí iná kankan. Caryophyllene tóbi jù wọ́n lọ, kì í sì í tètè gbéra. Ní ọdún 1996, Ross àti ElSohly ní yunifásítì Mississippi tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé àwọn èròjà tó fúyẹ́ kó ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 òróró olóòórùn tó wà nínú òdòdó tútù, àmọ́ lẹ́yìn tí òdòdó náà gbẹ tí ó sì wà nípamọ́ fún oṣù mẹ́ta nínú ooru yàrá lásán, ìpín wọn ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 62. Bí ó bá jẹ́ pé yàrá lásán ló ṣe èyí, ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ èso yóò ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ ooru tó tó ìwọ̀n 135 ní Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 57 ní Celsius, láì dáwọ́ dúró. Ẹ ṣe mí ní oore kan: ẹ fi ìka méjì fọ́ ẹyọ òdòdó kan nínú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì gbé e sí imú. Mo lérò pé ẹ óò ṣì gbóòórùn ìyèré díẹ̀ lẹ́yìn òórùn koríko náà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní í gbóòórùn ọsàn. Èyí tó fúyẹ́ ti lọ, èyí tó wúwo ló kù.

Òórùn koríko ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn mìíràn, kì í ṣe pé ohun dídùn lọ nìkan, ohun tí kò dùn náà dúró sẹ́yìn. Ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò tíì kú. Fún ọjọ́ mélòó kan, níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn èròjà amúṣẹ́yá inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní enzyme, ṣì ń ṣiṣẹ́: wọ́n ń lo ṣúgà tó kù, wọ́n ń tú àwọ̀ ewé palẹ̀, àwọn èròjà tó ń mú koríko tútù rùn bí koríko sì ń pòórá díẹ̀díẹ̀. Bí ooru bá gba omi kúrò lójijì, iṣẹ́ náà dúró lójú kan, ohun gbogbo tí ó yẹ kí ó yọ́ lọ sì há sínú òdòdó títí láé. Ẹni tó bá dàgbà sídìí kòkó ní Oǹdó tàbí Iléṣà kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Kò sẹ́ni tó ń la kòkó tí í gbé e sí oòrùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ń kó o jọ, a ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni a óò wá sá a díẹ̀díẹ̀. Kòkó tí wọ́n fi iná gbẹ ní kánmọ́kánmọ́ máa ń kan, nítorí pé kíkan náà kò rí àyè jáde kí èèpo rẹ̀ tó le. Òdòdó igbó kì í la irú ìbòmọ́lẹ̀ tí kòkó ń là kọjá, àmọ́ òfin sùúrù kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọdún tó ń bọ̀. Nípa ìgbà gígé, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀: ẹ wo orí irun wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn. Bí ó bá mọ́ gaara bí omi, kò tíì tó. Bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá ti funfun bí omi ògì, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń pọ́n bí oyin, ó ti tó. Òwúrọ̀ ni kí ẹ gé e, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, kí oòrùn tó gbóná.

Ẹ má ṣe já òdòdó rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ gé ẹ̀ka ńláńlá, ẹ yọ àwọn ewé gbòòrò tí kò ní oje, kí ẹ fi àwọn ewé kékeré tó yí òdòdó ká sílẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ sì so ẹ̀ka náà rọ̀ ní ìdorí-kodò. Omi tó wà nínú igi ẹ̀ka yóò máa wá sínú òdòdó díẹ̀díẹ̀, yóò sì mú kí gbígbẹ náà pẹ́; àwọn ewé kékeré yóò ká wọ inú bí wọ́n ti ń gbẹ, wọn yóò sì di ààbò fún irun olóje tó wà lábẹ́ wọn. Àwọn kan fẹ́ràn láti fi sísọ́ọ̀sì tún òdòdó ṣe pátá nígbà tí ó ṣì tútù, nítorí pé ó rọrùn, ọwọ́ sì tètè ń yá sí i. Mo gbà pé ìyẹn dára ní ibi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù tí ìbẹ̀rù pé kí ó má bu sì ga, ṣùgbọ́n fún ẹni tí òórùn jẹ lógún, títún un ṣe lẹ́yìn tí ó bá gbẹ ni mo fara mọ́.

Yàrá tí ẹ óò so ó kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn agbẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n kan tó rọrùn láti rántí: 60 àti 60. Èkínní ni ooru, ìwọ̀n 60 ní Fahrenheit, tí í ṣe nǹkan bí 15 àti ààbọ̀ ní Celsius. Èkejì ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ìdá 60 nínú 100. Bí ooru yàrá yín bá wà láàrin 60 sí 65, tí ọ̀rinrin sì wà láàrin 55 sí 60, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá wálẹ̀ dé 45, òdòdó yóò gbẹ láàrin ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, òórùn koríko yóò sì tún padà wá bá yín. Bí ó bá kọjá 65 fún ọjọ́ púpọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Yàrá náà gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń ba oje jẹ́. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa rìn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe kọ fáànù sí òdòdó. Ẹ kọ ọ́ sí ògiri, kí ó máa fẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ fi àyè sáàárín ẹ̀ka kan àti èkejì, kí wọ́n má fara kanra.

Ní Maryland, ojú ọjọ́ yóò bá yín jà láti ìhà méjì. Ní oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ ìta ṣì kún fún omi, ẹ óò sì nílò ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Bí oṣù kẹwàá bá wọ̀ dáadáa tí ẹ tan ẹ̀rọ amúlégbóná, ọ̀rinrin inú ilé lè jábọ́ sísàlẹ̀ 40 láàrin òru kan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí yàrá abẹ́ ilẹ̀ fi dára ju òkè àjà lọ: ooru ibẹ̀ kì í tètè yí padà. Bí ọ̀rinrin ibẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ jù, abọ́ omi kan tàbí aṣọ ìnura tútù tí ẹ fi kọ́ sí igun yàrá lè gbé e sókè díẹ̀. Nítorí òórùn tó lè dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ẹ lè fi àsẹ́ eléèédú sí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nínú yàrá náà. Kò ní í fa òórùn kúrò lára òdòdó, afẹ́fẹ́ tó ti ń jáde lọ nìkan ni yóò sẹ́.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kò wọ́n, ṣùgbọ́n irọ́ pọ̀ lẹ́nu àwọn tó rọ̀ jù lọ lọ́jà. Ẹ lè fi iyọ̀ ìsebẹ̀ dán wọn wò. Ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi sí i títí yóò fi rí bí iyanrìn tó rin, láì jẹ́ kí ó yọ́ tán, kí ẹ gbé e pẹ̀lú ẹ̀rọ náà sínú àpò ọ̀rá tó dé pa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Afẹ́fẹ́ inú àpò náà yóò dúró sórí ìdá 75. Bí ẹ̀rọ yín bá kà 70, ẹ mọ̀ pé ó fi márùn-ún dín, kí ẹ máa fi márùn-ún kún ohun tó bá sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti bá tún ìkórè wọn yẹ̀ wò ni kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tó wà lára ògiri ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀ka tín-ín-rín wò. Bí ó bá ń tẹ̀ bí okùn, ó kù. Bí ó bá dá “pà” ṣùgbọ́n tí okùn inú rẹ̀ ṣì so ó mọ́ra díẹ̀, ó ti tó. Ọwọ́ lè tan èèyàn jẹ, nítorí náà mo fẹ́ràn kí a fi òṣùwọ̀n kún un. Òdòdó tútù jẹ́ omi ní nǹkan bí ìdá 75 sí 80 nínú 100. Bí ẹ bá wọn ẹ̀ka kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ óò mọ̀ pé ó ń sún mọ́ etí nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fúyẹ́ ju bí ó ti wà lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn kan yóò sọ fún yín pé fíríìjì ni kí ẹ lò, nínú àpò bébà. Kì í ṣe irọ́: òtútù ń dá òórùn dúró, afẹ́fẹ́ inú fíríìjì sì gbẹ, òdòdó díẹ̀ lè gbẹ dáadáa níbẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n fíríìjì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kò gbọ́dọ̀ sí oúnjẹ níbẹ̀, ìkórè igi méjì tó dàgbà níta kò sì ní í gbà sínú rẹ̀.

Ìtọ́jú inú ìgò ni ó kàn. Ẹ lo ìgò gíláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò tó ní ìdérí tó dé ṣinṣin. Ọ̀rá kò dára, nítorí òórùn ń gba ara rẹ̀ jáde, àwọn irun olóje sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kó òdòdó sí i dé ìdá méjì nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ẹ má kì í mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ọ̀rinrin kékeré kan sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí 12 tàbí odidi ọjọ́ kan, ẹ ka ohun tó sọ. Ó ṣeé ṣe kí ó yà yín lẹ́nu: òdòdó tó le koko ní ọwọ́ nígbà tí ẹ kó o wọlé yóò ti tún rọ̀. Omi tó fara pamọ́ sí àárín ló ti pín ara rẹ̀ káàkiri, ohun tí a sì ń wá gan-an nìyẹn.

Bí ẹ̀rọ inú ìgò bá kà láàrin 58 sí 62, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Àjọ ASTM, tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún onírúurú iṣẹ́, fi ààlà sí 0.55 sí 0.65 fún omi tó ṣì lè ṣiṣẹ́ nínú òdòdó yìí, ìyẹn ló sì dọ́gba pẹ̀lú 55 sí 65 lórí ẹ̀rọ yín. Bí ó bá kà láàrin 65 sí 70, ẹ ṣí ìgò náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi wálẹ̀. Bí ó bá kọjá 70, ẹ dà á jáde sórí bébà tó mọ́ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó kó o padà. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 55, ó ti gbẹ jù, iṣẹ́ inú rẹ̀ sì ti dúró.

Lórí bó ṣe yẹ kí a máa ṣí ìgò tó, èrò mi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni. Wọ́n ní kí a máa ṣí i lójoojúmọ́ fún odidi oṣù kan, bí ẹni ń ṣe ètùtù. N kò rí ìdí rẹ̀. À ń ṣí ìgò nítorí kí ọ̀rinrin tó pọ̀ jù lè jáde. Bí ẹ̀rọ bá ti dúró sórí 60 fún ọjọ́ mẹ́ta láì yẹ̀, òórùn tí ẹ fi gbogbo ọdún tọ́jú nìkan ló kù tí yóò máa bá ẹnu ìgò jáde. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ẹ sì kàn ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ dé e padà. Imú yín ni yóò sọ bí nǹkan ti ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, òórùn koríko díẹ̀ lè wà, kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, yóò máa yọ́ lọ, òórùn gidi yóò sì máa jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo kà sí ìtọ́jú tó pé. Àwọn kan ń dé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ohun kan wà tí ìwádìí fi hàn ní ọdún 2021 tí ó yí ojú tí mo fi ń wo ìgò padà. A ti máa ń rò pé terpene ni gbogbo òórùn igbó, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé òórùn rẹ̀ tó le jù, èyí tó dà bí ti ẹranko skunk, ti ọ̀dọ̀ àwọn èròjà kan tó ní imí-ọjọ́ nínú ló ti ń wá, wọ́n sì jọ ti inú aáyù. Wọ́n ń pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn lórí igi, wọ́n ń ga jù lọ ní àsìkò ìtọ́jú inú ìgò, lẹ́yìn náà wọ́n sì ń dín kù kíákíá. Nítorí náà, bí ìgò yín bá ń rùn kíkankíkan ní ọ̀sẹ̀ kejì ju bí igi ti rùn lọ, ẹ má ṣe rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀, ọsàn yóò jáde sí gbangba bí àwọn yẹn bá ti rọlẹ̀.

Òórùn kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó já yín láyà nígbà tí ẹ bá ṣí ìgò: òórùn ìtọ̀, tó ń ta imú, èyí tí wọ́n ń pè ní ammonia. Ó túmọ̀ sí pé omi pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò sí, kòkòrò àìfojúrí sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ dà á jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ fọ́n ọn ká, kí ẹ sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú, tàbí eérú, tàbí tí àárín òdòdó bá dúdú tí ó sì ń fọ́ bí ìyẹ̀fun, ó ti bu nìyẹn. Irú èbu kan tí wọ́n ń pè ní Botrytis ló sábà máa ń fa ti àárín òdòdó, ó fẹ́ràn òjò ìgbà ìwọ́wé gan-an, ó sì lè ti orí igi wá kí ẹ tó gé e, nítorí náà ẹ máa la àwọn òdòdó tó nípọn jù lọ wò. Aspergillus, tí òun náà jẹ́ irú èbu kan, ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn, nítorí hóró rẹ̀ lè fìdí sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá jù lọ ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti sọ agbára ara rẹ̀ di aláìlera, iná kò sì tó láti mú ewu rẹ̀ kúrò. Òdòdó tó bá ti bu, àti àwọn tó wà nínú ìgò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, dídà nù ni tiwọn. Ẹ má ṣe sá a sóòrùn, ẹ má ṣe gé apá tó bu kúrò kí ẹ lo ìyókù. Mo ti da ìdajì ìkórè kan nù rí nítorí pé mo gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ dípò òṣùwọ̀n nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó tutù jù. Ó dùn mí gan-an, mo sì mọ̀ pé mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ńkọ́? Bí ó bá ti gbẹ débi tí ó ń fọ́ lọ́wọ́, ẹ fi àpò kékeré tó ń tọ́jú ọ̀rinrin sórí ìdá 62 sínú ìgò náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Yóò rọ̀, yóò dín gbígbẹ tó ń ha ọ̀fun kù, ìyèré tó kù yóò sì lè jáde díẹ̀, ṣùgbọ́n ọsàn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ ju èèpo ọsàn tútù sínú ìgò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é: omi èèpo náà yóò mú kí ó bu, òórùn tí ẹ óò sì gbọ́ yóò jẹ́ ti èèpo, kì í ṣe ti igi yín. Òórùn ni ooru kọ́kọ́ ń kó lọ, kì í ṣe agbára òdòdó náà, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ohun tí kò ta sánsán kò lágbára, kí ẹ wá lò ó kọjá ìwọ̀n.

Nípa ìfipamọ́, ọ̀tá mẹ́ta ló wà: ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́. Láti ọdún 1976 ni Fairbairn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ló burú jù nínú wọn. Ẹ kó ìgò sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, tó tutù, tó sì ní àgádágodo, nítorí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ń wọlé tó ń jáde. Bí ìgò bá ti dé ìdajì, ẹ yí ohun tó kù sínú ìgò tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí afẹ́fẹ́ má rí àyè níbẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹ gbé e sínú ibi tó ń sọ omi di yìnyín, nítorí òtútù ń mú irun olóje le, bí ẹ bá sì mì í jìgìjìgì, ìsàlẹ̀ ìgò ni wọn yóò já bọ́ sí.

Ẹ ra ìwé kékeré kan kí ìgbà ìkórè tó dé, kí ẹ máa kọ ooru àti ọ̀rinrin yàrá sínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, láti ọjọ́ tí ẹ bá so ẹ̀ka àkọ́kọ́ kọ́. Bí ẹ bá gé igi náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ó yẹ kí ó wọnú ìgò ní nǹkan bí ọjọ́ kẹtàlá, kí ìgò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi nípa ohun tí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ọsàn, ẹ fi àwọn òǹkà inú ìwé yẹn ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí a lè jọ wo ọjọ́ tí ó yẹ̀ lọ́wọ́ wa.